Ìdánwò parametric àbí non-parametric: bí ẹ ṣe lè yan èyí tó bá dátà yín mu

Ìbéèrè tí àwọn tó ń ṣe ìwádìí máa ń gbé tọ̀ mí wá jù lọ kò gùn rárá: "Dátà mi rèé, ìdánwò wo ni kí n ṣe?" Kí n tó lanu, ọ̀pọ̀ wọn á ti fi kún un pé, "Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò, kò normal o. Ṣé kí n kúkú lo non-parametric?"

Ìbéèrè nípa normal yìí, ìyẹn bóyá dátà rí bí agogo, kò burú, àmọ́ òun kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ gan-an ló yẹ kó ṣáájú. Bí ẹ ṣe wọn ohun tí ẹ wọ̀n ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà bí ẹ ṣe kó dátà jọ. Bí ẹ bá ti dáhùn mẹ́ta yìí, iṣẹ́ tó kù fún ìrísí dátà kì í pọ̀ mọ́. Ọ̀nà tí mo ń gbà ṣe é ni mo fẹ́ tò sílẹ̀ níbí, pẹ̀lú àpẹẹrẹ kan tí ẹ lè fi bírò àti bébà ṣe.

Ohun tí orúkọ méjèèjì ń sọ

Pàrámítà ni nọ́ńbà tó ń júwe àwùjọ lódindi, irú bí ìpíndọ́gba gbogbo wọn àti bí wọ́n ṣe túká sí. A kì í sábà mọ̀ ọ́n, torí pé díẹ̀ nínú àwùjọ náà lọwọ́ wa lè tó. Ìdánwò parametric máa ń gbà tẹ́lẹ̀ pé òun mọ ìrísí tí àwọn nọ́ńbà náà ní. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìrísí agogo ni: wọ́n pọ̀ láàárín, wọ́n sì ń dín kù bákan náà lọ́tùn-ún àti lósì. Nígbà tó ti gba ìyẹn gbọ́, ohun tó kù fún un láti wá kò ju ibi tí àárín agogo wà àti bí agogo ṣe fẹ̀ tó lọ. t-test (tó ń fi ìpíndọ́gba ọ̀wọ́ méjì wéra), ANOVA (tó ń fi ti ọ̀wọ́ mẹ́ta sókè wéra) àti ìbátan Pearson (tó ń wo bí ohun méjì ṣe ń bára wọn rìn) wà nínú ìdílé yìí.

Non-parametric kì í bá wa dá agogo sílẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn á to gbogbo nọ́ńbà láti orí èyí tó kéré jù dé orí èyí tó tóbi jù, wọ́n á fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ipò, 1, 2, 3, títí lọ, wọ́n á sì gbàgbé iye tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ rò ó bí eré sísá. Ẹni tó ṣe ipò kìíní ti ṣe ipò kìíní, ìbáà jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá kan ló fi ṣáájú ẹnì kejì, ìbáà jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Èrè ìgbàgbé yìí ni pé nọ́ńbà aláṣejù kan ṣoṣo kò ní lè fa gbogbo iṣẹ́ mọ́ra. Àdánù ibẹ̀ ni pé bí àlàfo ti tóbi tó ti bọ́ sọnù.

Àwọn kan rò pé non-parametric ni ohun tí a ń sá lọ bá nígbà tí dátà bá bàjẹ́. Ìtàn kò sọ bẹ́ẹ̀. Ní 1710, dókítà kan tó ń jẹ́ John Arbuthnot wo àkọsílẹ̀ ìrìbọmi àwọn ọmọ ní ìlú London fún ọdún 82. Lọ́dọọdún, ọmọkùnrin ló pọ̀ ju ọmọbìnrin lọ. Kò wá ìpíndọ́gba kankan, kò wá agogo. Ó kàn béèrè pé bó bá jẹ́ pé bíi kéèyàn ju owó ẹyọ sókè ni, báwo ni owó náà á ṣe dojú kan náà délẹ̀ nígbà 82 láìyẹ̀? Ohun tí à ń pè ní sign test lónìí nìyẹn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi igba ọdún ṣáájú t-test, tí William Sealy Gosset kọ jáde ní 1908. Ilé ìpọntí Guinness ní Dublin ni Gosset ti ń ṣiṣẹ́, orúkọ "Student" ló sì fi bojú kọ ọ́. Iye díẹ̀ ló máa ń rí wọ̀n níbi iṣẹ́ náà, òun ló jẹ́ kó wá ọ̀nà tí a ó fi gba òótọ́ lẹ́nu nọ́ńbà mẹ́rin tàbí márùn-ún. Nígbà tó di 1945, Frank Wilcoxon, oníṣẹ́ kẹ́místrì, gbé ìdánwò onípò jáde. Mann àti Whitney fẹ̀ ẹ́ lójú ní 1947, Kruskal àti Wallis sì mú un dé ọ̀wọ́ mẹ́ta sókè ní 1952.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ ìbéèrè yín sílẹ̀ kí ẹ tó ṣí kọ̀ǹpútà

Gbólóhùn kan tó. Àmọ́ kí ó sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi wéra. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà láìmọ̀, nítorí pé t-test àti Mann-Whitney, ìdánwò onípò fún ọ̀wọ́ méjì, kò dáhùn ìbéèrè kan náà.

Ẹ wo ọjọ́ tí aláìsàn ń lò ní ilé ìwòsàn. Púpọ̀ wọn á lo ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, ẹnì kan á wá lo ọgọ́ta. Bó bá jẹ́ ẹni tó ń ṣètò iye bẹ́ẹ̀dì ló ń béèrè, ọgọ́ta ọjọ́ yẹn wà lára ohun tó ń wá, torí pé bẹ́ẹ̀dì kan ni onítọ̀hún gbà fún ọgọ́ta ọjọ́. Ìpíndọ́gba ni tirẹ̀, torí pé ìpíndọ́gba nìkan ló ṣeé sọ di àpapọ̀: ẹ fi iye ènìyàn ṣe é ní ìlọ́po, àpapọ̀ á yọ. Bí ẹ bá fi ipò dá a lóhùn, ẹ ti fi ohun tó ń jẹ owó rẹ̀ pa mọ́. Bó bá sì jẹ́ aláìsàn ló béèrè pé, "Irú mi, ọjọ́ mélòó ni wọ́n sábà máa ń lò?", ìpíndọ́gba á ṣì í lọ́nà. Nọ́ńbà àárín (èyí tó bọ́ sí àárín gan-an bí ẹ bá to gbogbo wọn) àti ipò ló máa sún mọ́ ohun tó ń béèrè.

Dátà kan náà ni o. Kò sí ohun tó yí padà nínú ìrísí rẹ̀. Ẹni tó ń béèrè ló yàtọ̀.

Mann-Whitney ní tirẹ̀ ń béèrè pé: bí mo bá fa ẹnì kan yọ láti ọ̀wọ́ kìíní, tí mo fa ẹnì kan yọ láti ọ̀wọ́ kejì, ǹjẹ́ ó ṣeé ṣe kí ti ọ̀kan máa ju tèkejì lọ lọ́pọ̀ ìgbà? Ẹ ó ká a káàkiri pé ìdánwò nọ́ńbà àárín ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, àfi bí ọ̀wọ́ méjèèjì bá ní ìrísí kan náà tó jẹ́ pé ńṣe lọ̀kan kàn sún síwájú èkejì. Bí ọ̀kan bá túká gan-an tí èkejì sì fún pọ̀, Mann-Whitney lè sọ pé ìyàtọ̀ wà nígbà tí nọ́ńbà àárín méjèèjì dọ́gba rẹ́gírẹ́gí.

Ìgbésẹ̀ kejì: irú nọ́ńbà wo lẹ ní lọ́wọ́?

Orúkọ lásán ni àwọn kan, irú bí àwọ̀ ojú tàbí ẹ̀yà ẹ̀jẹ̀. Ẹ kò lè pín in dọ́gba, ẹ kò sì lè tò ó sípò. Chi-square, ìdánwò tó ń wo iye tó bọ́ sí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, ni tiwọn, a kò ní pẹ́ níbẹ̀.

Àwọn mìíràn ní ètò ṣùgbọ́n àlàfo àárín wọn kò dá wa lójú. "Kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá, kò tẹ́ mi lọ́rùn, mo wà láàárín, ó tẹ́ mi lọ́rùn, ó tẹ́ mi lọ́rùn gan-an." A lè kọ 1 dé 5 sí iwájú wọn, àmọ́ ta ló sọ pé ìrìn láti 1 dé 2 gùn tó ìrìn láti 4 dé 5? Ìka kò dọ́gba. Awuyewuye lórí èyí ti pẹ́, mi ò sì rò pé yóò parí láyé mi. Ohun tí mo ń ṣe ni pé bó bá jẹ́ ìbéèrè kan ṣoṣo tó ní ìdáhùn márùn-ún, ipò ni mo ń lò. Bó bá jẹ́ àròpọ̀ ogún irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, tí àpapọ̀ lè wà láàárín 20 àti 100, mo máa ń kà á sí nọ́ńbà gidi, mi ò sì ń bẹ̀rù t-test.

Ìyókù ni ohun tí a fi irinṣẹ́ wọ̀n tàbí tí a kà: ìwọ̀n ìwúwo, àkókò, ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìdílé méjèèjì ló ṣí sílẹ̀ fún wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: báwo lẹ ṣe kó o jọ?

Bí mo bá láṣẹ láti fa etí gbogbo ẹni tó ń ka èyí lẹ́ẹ̀kan péré, ibí yìí ni mo ti máa fà á. Ìdánwò parametric àti non-parametric ló jọ gbà pé ọ̀kọ̀ọ̀kan dátà dá dúró, kò gbára lé ẹlòmíràn. Bí ẹ bá wọn ènìyàn 10 lẹ́ẹ̀marùn-ún, tí ẹ wá kọ 50 sílẹ̀ bí ẹni pé ènìyàn 50 ni, kò sí ipò tó lè gbà yín. Nọ́ńbà p tí ẹ máa rí (ìyẹn bó ṣe ṣeé ṣe tó kí irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ tàbí èyí tó jù ú lọ ṣèèṣì yọ nígbà tí kò sí ìyàtọ̀ gidi) á kéré jù, irọ́ ló sì máa jẹ́. Mo ti rí ẹni tó fi odindi ọ̀sẹ̀ yẹ normal wò lórí dátà tí ilé kan náà ti fún un ní ènìyàn mẹ́fà mẹ́fà. Ó fi ètè sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Nítorí náà, ẹ bi ara yín: ṣé ọ̀wọ́ tó yàtọ̀ síra ni, àbí àwọn kan náà ni mo wọ̀n ṣáájú àti lẹ́yìn? Ọ̀wọ́ mélòó? Ìdáhùn yín á mú yín dé ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí, parametric ni mo kọ́kọ́ dárúkọ, non-parametric ló tẹ̀ lé e:

- Ọ̀wọ́ méjì tí kò tan mọ́ra: t-test ti Welch, Mann-Whitney.
- Àwọn kan náà lẹ́ẹ̀mejì: paired t-test, Wilcoxon signed-rank, tàbí sign test.
- Ọ̀wọ́ mẹ́ta sókè: ANOVA, Kruskal-Wallis.
- Àwọn kan náà lẹ́ẹ̀mẹta sókè: repeated measures ANOVA, Friedman.
- Ìbátan láàárín ohun méjì: Pearson, Spearman tàbí Kendall.

Friedman tó wà nínú rẹ̀ yẹn, Milton Friedman onímọ̀ ọrọ̀ ajé ni, ẹni tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1976. Ọdún 1937 ló kọ ìdánwò yẹn, nígbà tí kò tíì lókìkí fún ọ̀rọ̀ owó.

Ọ̀rọ̀ kan lórí Wilcoxon signed-rank: òun náà ní ohun tó ń gbà gbọ́. Ó gbà pé ìyàtọ̀ láàárín ṣáájú àti lẹ́yìn dọ́gba lápá méjèèjì àárín wọn. Bí ìyàtọ̀ náà bá fì sí apá kan gan-an, sign test ló yẹ, torí pé kò béèrè ju pé ṣé ó lọ sókè tàbí ó wá sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ìgbà yìí ni kí ẹ tó wo ìrísí

Ẹ ya àwòrán. Àmì kékeré kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lórí ìlà, ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Mo tún un sọ: lọ́tọ̀. Àṣìṣe kan tó wọ́pọ̀ ni kí ènìyàn da ọ̀wọ́ méjèèjì pọ̀ kó tó wá agogo. Bí ìyàtọ̀ bá wà láàárín wọn lóòótọ́, òkè méjì ni ẹ máa rí, ẹ ó sì rò pé dátà yín ti bàjẹ́ nígbà tó jẹ́ pé ìyàtọ̀ tí ẹ ń wá gan-an lẹ rí. Inú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ni t-test ti ń fẹ́ agogo. Nínú ANOVA àti àwọn ẹbí rẹ̀, àṣẹ́kù ló kàn, ìyẹn ohun tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí ẹ bá yọ ìpíndọ́gba ọ̀wọ́ kúrò lára nọ́ńbà ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ohun mẹ́ta ni mo máa ń wá nínú àwòrán náà. Ṣé nọ́ńbà aláṣejù kan wà tó jìnnà sí ẹgbẹ́ rẹ̀? Ṣé gbogbo rẹ̀ fì sí apá kan, tí ìrù gígùn sì wà lápá kejì? Ṣé ọ̀wọ́ kan túká ju èkejì lọ? Ẹ̀kẹta yẹn kò yẹ kó lé yín sá kúrò lọ́dọ̀ t-test, nítorí pé ti Welch kò béèrè kí ìtúká dọ́gba. Nínú R, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣírò dátà, Welch ni t.test máa ń ṣe bí ẹ kò bá sọ nǹkan kan. Nínú scipy ti Python, ẹ gbọ́dọ̀ kọ equal_var=False fúnra yín.

Wàyí o, Shapiro-Wilk, ìdánwò tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá dátà rí bí agogo. Láti 1965 ló ti wà, ìdánwò tó dára sì ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a ń gbà lò ó ló kù díẹ̀ káàtó. Bí dátà bá kéré, bíi 8 tàbí 10, kò ní agbára tó láti rí ohun tí kò rí bí agogo, á sì máa sọ pé kò séwu. Bí dátà bá pọ̀, bíi 3000, á mú ẹ̀ṣẹ̀ tí kò tó nǹkan, á pariwo. Ìgbà tí dátà kéré yẹn gan-an ni agogo ṣe pàtàkì, ìgbà tí dátà pọ̀ ni kò ṣe pàtàkì mọ́, nítorí pé bí iye ènìyàn bá ti ń pọ̀ sí i, ìpíndọ́gba fúnra rẹ̀ á máa tọ ìrísí agogo lọ bí dátà kò tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ibi tí a ti nílò rẹ̀ ló ti ń sùn, ibi tí a kò ti nílò rẹ̀ ló ti ń gbó. Èmi máa ń fi ojú wo àwòrán ju bí mo ṣe ń fi etí sí Shapiro-Wilk lọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni òfin "ọgbọ̀n" tí gbogbo ènìyàn há sórí, pé bí ènìyàn bá ti pé 30, ìbẹ̀rù ti tán. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín 29 àti 31. Bí dátà bá fì díẹ̀, 15 lè tó. Bí ìrù rẹ̀ bá gùn gan-an, 100 lè máà tó.

Bí gbogbo nọ́ńbà yín bá ju òdo lọ, tí wọ́n sì fì pẹ̀lú ìrù gígùn lápá ọ̀tún, ọ̀nà mìíràn wà kí ẹ tó kó wọ inú ipò: ẹ mú log wọn, kí ẹ ṣe t-test lórí log náà. Ẹ kàn rántí pé ìlọ́po lẹ ń fi wéra báyìí, "ọ̀kan jẹ́ ìlọ́po 1.4 èkejì", kì í ṣe ìyọkúrò mọ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ṣé iye ènìyàn yín tó fún ipò?

Wọ́n máa ń gba ènìyàn nímọ̀ràn pé bí dátà bá kéré, kó lo non-parametric. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tí ìmọ̀ràn yẹn ń fà.

Ẹ ní ènìyàn 3 níhìn-ín, ènìyàn 3 lọ́hùn-ún. Ọ̀nà tí a lè gbà pín ipò 1 dé 6 fún ọ̀wọ́ méjì tó ní ènìyàn mẹ́ta mẹ́ta jẹ́ 20. Èyí tó dára jù tí ẹ lè rí ni kí gbogbo ọ̀wọ́ kan wà lókè, kí gbogbo èkejì wà nísàlẹ̀. Ọ̀nà méjì péré nínú 20 ló rí bẹ́ẹ̀, ọ̀kan fún apá kọ̀ọ̀kan. 2 nínú 20 jẹ́ 0.10. Nítorí náà, bí ìyàtọ̀ tilẹ̀ tóbi bí òkè, Mann-Whitney kò lè fún yín ní p tó wà lábẹ́ 0.05 láéláé, bẹ́ẹ̀ sì ni 0.05 ni ìlà tí ọ̀pọ̀ olùwádìí fi ń sọ pé ìyàtọ̀ wà. Ẹ ti pàdánù kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ó di 4 sí 4 kí ilẹ̀kùn tó ṣí: 2 nínú 70, ìyẹn nǹkan bí 0.029. Ti Wilcoxon signed-rank jọ bẹ́ẹ̀. Ẹni 5 tí a wọ̀n ṣáájú àti lẹ́yìn, p tó kéré jù jẹ́ 2 nínú 32, ìyẹn 0.0625. Ẹni 6 ló kọ́kọ́ lè wọlé.

Mo mọ iṣẹ́ àkànṣe akẹ́kọ̀ọ́ kan tí wọ́n fi 3 sí 3 ṣe, tí olùdámọ̀ràn rẹ̀ sọ pé kó lo ipò "kó lè wà láìléwu". Ó rí 0.10, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé oògùn náà kò ṣiṣẹ́. Ìdánwò náà kò fún oògùn láyè láti sọ̀rọ̀.

Ní ìdà kejì, ìbẹ̀rù tí àwọn mìíràn ní, pé ipò máa ń jẹ agbára dátà run, àsọdùn ni. Bí dátà bá tilẹ̀ rí bí agogo pérépéré, agbára Mann-Whitney jẹ́ nǹkan bí 95.5 nínú 100 ti t-test bí iye ènìyàn bá pọ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ohun tí t-test fi ènìyàn 955 rí, ipò á fi 1000 rí i. Hodges àti Lehmann sì fi hàn ní 1956 pé nígbà tó jẹ́ pé ńṣe ni ọ̀wọ́ kan kàn sún síwájú èkejì, ìrísí yòówù kí wọ́n ní, kò lè wálẹ̀ ju 86.4 lọ. Bí ìrù bá gùn, ipò ló máa ń borí t-test, nígbà mìíràn lọ́nà tó ga. Sign test nìkan ló ń san owó gọbọi: lórí agogo, kò ju nǹkan bí 64 nínú 100 lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ ṣe é

Ká ní fọ́ọ̀mù kan ní ẹ̀dà àtijọ́ àti ẹ̀dà tuntun. Ènìyàn 6 kọ àtijọ́, ènìyàn 6 mìíràn kọ tuntun, a sì ka ìṣẹ́jú tí olúkúlùkù lò. Èmi ni mo hùmọ̀ nọ́ńbà wọ̀nyí kó lè rọrùn láti ṣírò.

Àtijọ́: 12, 14, 15, 17, 18, 20
Tuntun: 8, 9, 10, 11, 13, 63

Ìpíndọ́gba àtijọ́ jẹ́ 16, ti tuntun jẹ́ 19. Bí a bá gbọ́ ti ìpíndọ́gba, tuntun ló ń fa ọwọ́ sẹ́yìn. t ti Welch jẹ́ nǹkan bí 0.34, p rẹ̀ wà ní agbègbè 0.75. Kò sí ìyàtọ̀ tó ṣeé fi ẹnu sọ.

Ó yá, ẹ to gbogbo 12 pọ̀ láti kékeré dé ńlá. 8, 9, 10 àti 11, tuntun ló ni ipò 1 dé 4. 12 jẹ́ ti àtijọ́, ipò 5. 13 jẹ́ ti tuntun, ipò 6. 14, 15, 17, 18, 20, àtijọ́ ló ni ipò 7 dé 11. 63 jẹ́ ti tuntun, ipò 12. Ẹ ro ipò tuntun pọ̀: 1 + 2 + 3 + 4 + 6 + 12, ó jẹ́ 28. Ti àtijọ́ jẹ́ 50. Méjèèjì pọ̀ jẹ́ 78, gẹ́gẹ́ bí 1 dé 12 ṣe yẹ kó jẹ́. Bí kò bá pé, ẹ ti ṣi ibì kan tò.

Ipò tó kéré jù tí ènìyàn 6 lè ní lápapọ̀ ni 21. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 28, ó ku 7. U nìyẹn, nọ́ńbà tí Mann-Whitney ń lò. Nínú ọ̀nà 924 tí a lè gbà pín ipò 12 sí mẹ́fà mẹ́fà, 43 ló fún wa ní 7 tàbí ohun tó kéré sí i lápá kan, 43 mìíràn wà lápá kejì. 86 nínú 924 jẹ́ 0.093.

Kò wọ abẹ́ 0.05 náà, mi ò sì ṣe àpẹẹrẹ yìí kó lè wọ̀ ọ́. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni pé ìtọ́ka wọn yàtọ̀. Ìpíndọ́gba ní tuntun ló pẹ́. Ipò ní tuntun ló yá: bí ẹ bá mú ẹni kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀wọ́ kan, tí ẹ fi í wé ẹni kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀wọ́ kejì, ìwéra 36 ló wà, tuntun sì yá jù nínú 29, ìyẹn 81 nínú 100. Ẹ sọ 63 yẹn di 630, ipò kò ní yẹ̀ díẹ̀ báyìí, 12 ni á ṣì jẹ́. Ìpíndọ́gba tuntun ní tirẹ̀ á fò lọ sí 113.5.

Nítorí náà, kí a tó sọ̀rọ̀ ìdánwò rárá, ẹ lọ wo 63. Ṣé ẹni náà dáhùn ìpè kó tó padà wá parí fọ́ọ̀mù ni? Ṣé 13 ni wọ́n ṣì tẹ̀? Àbí ojúewé kan wà nínú fọ́ọ̀mù tuntun tó máa ń há? Bó bá jẹ́ èyí tó gbẹ̀yìn, a jẹ́ pé nọ́ńbà tó wúlò jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà ni, ìdánwò onípò sì ti fẹ́ bá yín gbé e pamọ́ sábẹ́ ẹní. Ẹ má yọ ọ́ kúrò nítorí pé kò bá yín lára mu. Ẹ yọ ọ́ kìkì bí ẹ bá rí ẹ̀rí pé àṣìṣe ni, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ yọ ọ́.

Bí nọ́ńbà bá ta ọ̀mì, tí ẹni méjì lo ìṣẹ́jú 14, ẹ pín ipò wọn dọ́gba. Bó bá jẹ́ 7 àti 8 ló yẹ kí wọ́n gbà, kí olúkúlùkù gba 7.5. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀dà R, wilcox.test á kìlọ̀ fún yín pé òun kò lè ṣírò p tó péye torí ọ̀mì. Kì í ṣe pé nǹkan bàjẹ́, ó kàn fi ìṣirò tó sún mọ́ ọn rọ́pò ni. Lórí ìwọ̀n 1 dé 5, ọ̀mì á pọ̀ bí ewé, kò sì sí ohun tí ẹ lè ṣe sí i.

Ìgbésẹ̀ keje: bí ẹ ṣe máa kọ ọ́

Ẹ yan ìdánwò kan kí ẹ tó rí èsì, kí ẹ sì dúró tì í. Mo mọ bó ṣe ń dùn mọ́ ènìyàn láti ṣe méjèèjì, kó wá mú èyí tí p rẹ̀ kéré. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, 0.05 tí ẹ kọ kì í ṣe 0.05 mọ́, torí pé ẹ̀ẹ̀mejì lẹ ti ta ayò, ìjáwé olúborí nìkan lẹ sì ṣírò. Bí ẹ bá fẹ́ fi ìkejì ṣe àfikún, kò burú, àmọ́ kí ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀, kí ẹ sì sọ èyí tí ẹ ti yàn tẹ́lẹ̀. Ibi tí wọ́n ti takora, bí ti fọ́ọ̀mù wa yìí, ni kí ẹ padà sí lórí àwòrán.

Ohun tí ẹ kọ gbọ́dọ̀ bá ìdánwò tí ẹ ṣe mu. Ìpíndọ́gba àti ìtúká ni kí ẹ fi ti t-test lẹ́yìn. Nọ́ńbà àárín àti ìdámẹ́rin òkè àti ìsàlẹ̀ ni kí ẹ fi ti ipò lẹ́yìn. Mo ti ka àìmọye ìwé tó ṣe Mann-Whitney tí wọ́n sì fi ìpíndọ́gba sínú tábìlì, ẹni tó ń kà á kò ní mọ ohun tí p náà ń sọ nípa rẹ̀. Ẹ sọ bí ìyàtọ̀ ṣe tóbi tó pẹ̀lú, ẹ má fi p nìkan sílẹ̀. Ti fọ́ọ̀mù wa lè lọ báyìí: "Nọ́ńbà àárín jẹ́ ìṣẹ́jú 16 fún fọ́ọ̀mù àtijọ́ àti 10.5 fún tuntun (ènìyàn 6 nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, Mann-Whitney U = 7, p = 0.093). Tuntun yá jù nínú 81 lórí 100 ìwéra. Ẹnì kan lórí fọ́ọ̀mù tuntun lo ìṣẹ́jú 63, a kò yọ ọ́ kúrò."